Ẹni Tó Fọ Kóòtù Ẹ̀ṣọ́

Afínjú kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Àwọn oníbàárà ló fún un, nítorí pé tó bá gba ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ènìyàn, á yí ọrùn rẹ̀ wò, á yẹ abíyá rẹ̀ wò, á ka bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá gbójú sókè wo ẹni tó ni ín bíi pé òun ti mọ gbogbo ohun tí onítọ̀hún ṣe láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Alágbàfọ̀ ni. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì. Ó ti lọ́kọ rí, ṣùgbọ́n ọkọ náà ti bá tirẹ̀ lọ. Ó ní òun ń lọ wáṣẹ́ sí ìlú òkèèrè fún oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́ta náà ló di ọdún mẹ́fà yìí. Nígbà tí lẹ́tà dé pé ó ti rí ẹlòmíràn, Afínjú kà á tán, ó ká a, ó sì padà sídìí ọpọ́n ìfọṣọ. Ó ní aṣọ tó bá ti ya kọjá abẹ́rẹ́, kí èèyàn má fi okùn ṣòfò lórí rẹ̀.

Òpópónà tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ni ìsọ̀ rẹ̀ wà. Káńtà àti bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà wà níwájú, tábìlì ìlọṣọ wà ní yàrá àárín, ẹ̀yìn sì ni àgbàlá kékeré kan tí wọ́n fi bíríkì tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ọpọ́n mẹ́ta ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú okùn ìsáṣọ àti kànga àtijọ́ kan tí wọ́n ti fi irin dé lójú. Ìyá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, tí á máa fi bírò pupa ṣàtúnṣe ìwé ìròyìn. Tó bá rí àṣìṣe méjì lójú ewé kan, á ní, "Ẹ wò ó, òdo!" Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ wọlé. Ó ga, ó gbẹ, ó dà bí ẹni ogójì ọdún, ojú rẹ̀ sì rọlẹ̀ bí ojú ẹni tí kò sí ìròyìn tí wọ́n lè mú wá tí kò tíì gbọ́ rí. Ó gbé kóòtù aláwọ̀ eérú kan lé orí káńtà. Kóòtù náà wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ya láti èjìká dé ìbàdí ní ojú mẹ́rin, bí ìgbà tí ẹranko fi èékánná fà á, àbàwọ́n dúdú kan sì gba gbogbo àyà rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ló wí. "Alágbàfọ̀ méje ló ti dá a padà fún mi. Tí ẹ̀yin náà bá dá a padà, kò ní bí mi nínú."

Afínjú wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà rẹ̀, ó fi ìka tẹ àbàwọ́n náà, ó sì gbóòórùn rẹ̀. Ó ń rùn bí òjò, ó ń rùn bí irin. "Ṣé ọ̀dà ni?"

"Kì í ṣe ọ̀dà."

"Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà ronú díẹ̀. "Ó jọ ẹ̀jẹ̀."

"Tí ẹ bá pa èèyàn, ẹ má kó mi mọ́ ọ o. Mo ní ìyá tí mò ń tọ́jú."

"N kò pa èèyàn rí, mà," ló dáhùn, ó sì dáhùn bí ẹni tó ń sọ pé òun kì í mu tíì oníṣúgà. Afínjú gbà á gbọ́. Nígbà tó bèèrè orúkọ tí òun máa kọ sínú ìwé, ọkùnrin náà ní orúkọ òun kò ṣe pàtàkì, ó sì jáde.

"Kí lo kọ?" ni ìyá rẹ̀ bèèrè lẹ́nu ọ̀nà.

"Oníkóòtù."

"Oníkóòtù kẹ̀? Kò jọ lọ́yà lójú tèmi."

Omi tútù ni Afínjú fi bẹ̀rẹ̀, torí omi gbígbóná a máa so ẹ̀jẹ̀ mọ́ aṣọ lára. Ó wọ́n iyọ̀ sí i. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ó lo ọṣẹ líle tó fi ń bọ́ gírísì àwọn mẹkáníìkì. Àbàwọ́n náà kàn ń wò ó níran ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ya ní àtàǹpàkò. Inú bí i, ó bọ́ méjèèjì sọnù, ó ki ọwọ́ lásán bọ omi, ó sì gbá kóòtù náà mú láyà bí ẹni tó fẹ́ bá a jà. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kàn mọ́. Ó sún ọwọ́ síwájú, ibẹ̀ náà mọ́. Dúdú náà ń bọ́ bí eruku tí wọ́n nù kúrò lójú dígí, kò le, kò sì lọ́ra. Kó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kóòtù ti mọ́ tónítóní.

Afínjú wo ọwọ́ rẹ̀ síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Ọwọ́ tó fi ń jẹun náà ni. Ó jókòó, ó rán ojú mẹ́rin tó ya, ó sì gbé kóòtù náà kọ́.

Nígbà tí Oníkóòtù dé lọ́jọ́ Ajé tó sì rí i, ó sún mọ́ ọn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu àyà kóòtù náà, ó wá rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ka lẹ́tà fún.

"Kí lẹ fi fọ̀ ọ́?"

"Ọwọ́."

"Ọwọ́ nìkan?"

"Àbí ẹsẹ̀ ló yẹ kí n fi fọ̀ ọ́?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà jáde bí ohun tó ti gbàgbé ibi tó tọ́jú rẹ̀ sí. Ó sanwó, ó dúpẹ́, ó lọ. Nígbà tó di Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún ti gbé e padà wá, ó tún ti ya, ó tún ti dúdú.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bí Afínjú bá ti ń fọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ọkùnrin náà a máa dúró dè é lórí bẹ́ǹṣì, nítorí kò tún pẹ́ mọ́ láti fọ̀. Díẹ̀díẹ̀, ó di ẹni tó ń bá wọn gbé ìdì aṣọ tí ilé ìwòsàn ń kó wá, tó ń bá wọn na bẹ́díṣíìtì. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan wá pariwo pé Afínjú sọ bọ́tìnnì òun nù. Afínjú kò bá a jiyàn. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó yí i sí ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni náà: "Bọ́tìnnì márùn-ún, ìkẹta kò sí." Ó ní, "Ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e wá ni mo ti kọ ọ́. Mo sì ti ra òmíràn, mo ti rán an. Ẹ yẹ ibẹ̀ wò." Ọ̀gbẹ́ni náà yẹ ibẹ̀ wò, ojú tì í, ó sì lọ. Oníkóòtù ń wo Afínjú láti orí bẹ́ǹṣì, kò sì tètè gbé ojú kúrò.

Màmá Tíṣà kò jẹ́ kí oṣù kejì pé kó tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Ẹ̀ṣọ́ ni mí, Màmá."

"Ẹ̀ṣọ́ báńkì?"

"Rárá, Màmá. Ẹ̀ṣọ́ àwọn èèyàn."

"Àwọn òbí rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú, ó ti pẹ́."

"Ó ti tó ìgbà wo?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó ń fi ìka ṣírò. "Bàbá mi ló kọ́kọ́ lọ. Ó ti lé ní igba ọdún."

Màmá Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọmọ yìí mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n Afínjú, tó ń lọ aṣọ nínú yàrá, rí i pé Oníkóòtù kò bá a rẹ́rìn-ín.

Ohun tó tú àṣírí ni èékánná kan. Afínjú ń tú ojú rírán inú kóòtù láti tún un rán, nǹkan kan sì gún un lọ́wọ́. Ó gùn tó ìka àárín, ó dúdú, ó tutù bíi yìnyín, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn lé e lórí. Ohun tó dẹ́rù bà á jù ni pé nígbà tó gbé e sínú oòrùn lórí tábìlì, kò ní òjìji. Sísọ́ọ̀sì ní, okùn ní, abẹ́rẹ́ pàápàá ní. Èyí kò ní.

Ó gbé e síwájú Oníkóòtù lórí káńtà. Màmá Tíṣà ti lọ gba oògùn rẹ̀, àwọn méjèèjì nìkan ló kù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Aṣọ yín kò lè máa wọ ọwọ́ mi kí n má mọ ohun tí mò ń fọ̀."

Ọkùnrin náà sọ òótọ́. Ó ní àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní Ajójìji. Kò sẹ́ni tó ń rí wọn. Ojú omi tí oòrùn kì í dé ni wọ́n ń gbà jáde, abẹ́ afárá, inú ihò omi, inú kànga, ọ̀sán gangan ni wọ́n sì ń jáde, nígbà tí òjìji ènìyàn bá kúrú jù lọ, torí wọn kò fẹ́ òjìji gígùn, ó ń há wọn lọ́fun. Bí wọ́n bá jẹ òjìji ènìyàn díẹ̀, onítọ̀hún á pàdánù ọdún mélòó kan nínú ìrántí rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, á sùn, kò ní jí. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ ló ń bá wọn jà, àìdarúgbó sì ni ẹ̀san iṣẹ́ náà fún àwọn Ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ Ajójìji a máa lẹ̀ mọ́ kóòtù Ẹ̀ṣọ́, á máa wúwo, á máa fa agbára rẹ̀, títí ọjọ́ tí kò ní lè gbé apá mọ́.

"Lọ́jọ́ tí mo búra, àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ fún mi pé ẹnì kan ṣoṣo láyé ni ọwọ́ rẹ̀ lè fọ̀ ọ́. Wọ́n ní ẹni náà ni ìyàwó tí wọ́n yàn mọ́ mi. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rí tirẹ̀ títí wọ́n fi ń ṣubú. Èmi wá a fún igba ọdún ó lé mẹ́rìndínlógún."

Afínjú ti èékánná náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Áyọ́ọ̀nù ń hó nínú yàrá.

"Látìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́."

"Oṣù mẹ́ta!" Ó ti di "ìwọ" lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. "O ti mọ̀ láti oṣù mẹ́ta, o wá ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ò ń bá mi na bẹ́díṣíìtì?"

"N kò fẹ́ kó dà bíi pé mo wá gba ohun tí mo ni."

"Ohun tí o ni!" Afínjú fọwọ́ lu káńtà. "Ta ló bi mí? Àyànmọ́ lẹ̀yin ń pè é. Lójú tèmi, àyàn-láì-bèèrè ni. Mo ti lọ́kọ rí lẹ́ẹ̀kan, èmi fúnra mi ni mo yan ìyẹn, wo ibi tó já sí. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí, àwọn tí n kò mọ̀ rí ni wọ́n bá mi yàn, wọn kò tilẹ̀ rántí pé mo lẹ́nu! Gbé kóòtù rẹ. Máa lọ."

Oníkóòtù gbé kóòtù rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní, "O jàre mi," ó sì lọ.

Kò wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Kò wá ní Jímọ̀ kejì. Afínjú sọ fún ara rẹ̀ pé ìyẹn dáa, ó sì jó ṣòkòtò oníbàárà méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ohun tí kò ṣe rí láti ọdún mẹ́wàá. Ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún ìyá rẹ̀ nígbà tó yá, torí kò sẹ́lòmíràn tó lè sọ ọ́ fún. Màmá Tíṣà gbọ́ ọ tán, ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀.

"Igba ọdún ó lé? Á jẹ́ pé èmi ló yẹ kí n máa kúnlẹ̀ kí i!"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo gbọ́ ọ, mo gbọ́ ọ. Ìwọ bínú pé wọn ò bi ọ́. Ó dáa. Nísinsìnyí tí kò sẹ́ni tó ń fipá mú ọ, kí lo fẹ́?"

Afínjú gbé agbọ̀n aṣọ, ó sì lọ sí àgbàlá. Ìyá rẹ̀ padà sórí ìwé ìròyìn, ó sì fi bírò pupa fa ìlà gígùn kan.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni omi ẹ̀rọ dá ní àdúgbò. Àwọn aṣọ ilé ìwòsàn ti ga dé òkè ilẹ̀kùn. Afínjú pe alágbẹ̀dẹ kan, ó ní kó ṣí irin ojú kànga, ó sì ń fa omi níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì títí omi ẹ̀rọ fi padà dé. Ó rántí ọ̀rọ̀ Oníkóòtù nípa kànga, ó sì pinnu láti pe alágbẹ̀dẹ náà padà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè.

Ọjọ́ kẹta ni obìnrin kan wọlé. Irun orí rẹ̀ wà ní gígé mọ́lẹ̀, kóòtù eérú bíi ti Oníkóòtù sì wà lọ́rùn rẹ̀. "Èmi ni ọ̀gá rẹ̀," ló wí, kò sì jókòó. "N kò wá bẹ̀ yín. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni. Ó ń fi kóòtù ìdọ̀tí jà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún nìyí. Mo ní kó gbé e wá fún yín, ó ní kò sí bó ṣe lè gbé e wá tí kò ní dà bíi pé ó ń dógò."

"Ṣé tí mo bá fọ̀ ọ́, mo ti di ìyàwó rẹ̀ nìyẹn?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun náà ni."

Ọ̀gá náà mí kanlẹ̀. "Àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò kọ́ ọ dáadáa. Ọwọ́ yín ni wọ́n yàn. Wọn kò yan ọkàn yín, kò sẹ́ni tó lè yan ìyẹn. Ẹ lè fọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe ń fọ aṣọ gbogbo ayé, kí ẹ gbowó yín, kí ẹ má rẹ́rìn-ín sí i rárá, kóòtù á mọ́." Ó wo àgbàlá láti ẹnu ilẹ̀kùn. "Ìyẹn kànga ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo máa dé e."

"Ẹ dé e lónìí."

Ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé ní àkókò yẹn gan-an pẹ̀lú ìdì aṣọ méjìlá. Ọ̀gá lọ. Afínjú bẹ̀rẹ̀ sí í ka aṣọ, ó sì ń ronú ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà sọ. Kò ronú nípa kànga mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí aago méjìlá ku díẹ̀, Màmá Tíṣà gbé àga rẹ̀ lọ sí àgbàlá láti yá oòrùn sí orúnkún. Afínjú wà nídìí tábìlì ìlọṣọ. Ó gbójú sókè lójú fèrèsé, ó rí ìyá rẹ̀ tó tẹ orí, ó rò pé oorun ni. Ó tún wò ó. Oòrùn wà ní àárín orí, òjìji àga kúrú sábẹ́ àga, òjìji ọpọ́n wà nídìí ọpọ́n. Ti ìyá rẹ̀ nìkan ló gùn. Ó nà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí bíríkì, ó ń lọ sí ẹnu kànga bí aṣọ tí ẹnì kan ń fà lórí okùn.

Kò mọ ìgbà tó ju áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó sáré jáde, ó di ìyá rẹ̀ mú léjìká, ó ń fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n fífa ara kò fa òjìji. Ó tẹ òjìji náà mọ́lẹ̀, ó ń yọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kígbe. Kì í ṣe "ẹ gbà mí" ló kígbe. "Oníkóòtù!" ló pè.

Oníkóòtù wọlé láti iwájú ìsọ̀ kí ohùn rẹ̀ tó rọlẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún náà ló ti ń rìn kọjá ní òpópónà yẹn lójoojúmọ́ lọ́sàn-án, kò kàn ń wọlé ni. Kóòtù ti dúdú dé etí rẹ̀. Ó fa idà kúkúrú kan yọ, ó dẹtí sílẹ̀, ó ṣá afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, nǹkan kan sì gbá a lu ògiri. Ó dìde. Nǹkan náà tún gbá a. Lẹ́ẹ̀kẹta, apá rẹ̀ kò gbé idà mọ́.

"Bọ́ ọ!" ni Afínjú wí.

"Láìsí kóòtù, á—"

"Mo ní bọ́ ọ! Iṣẹ́ mi nìyí!"

Afínjú fúnra rẹ̀ ló bọ́ ọ kúrò lọ́rùn ọkùnrin náà. Ó rì í sínú ọpọ́n tó sún mọ́ ọn jù, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó sì fọ̀ ọ́ bí kò ṣe fọ aṣọ kan rí láyé, àyà, èjìká, apá ọ̀tún, apá òsì. Omi náà dúdú bíi yíǹkì. Ó fún kóòtù náà, ó jù ú sí Oníkóòtù, ó sì rí i tí ẹ̀jẹ̀ padà sójú ọkùnrin náà bó ṣe ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì rí ibi tó máa ṣá. Ó ń yí orí kiri bí afọ́jú.

Afínjú wo omi dúdú tó wà nínú ọpọ́n, ó wo ibi tí òjìji ìyá rẹ̀ ti ń wọnú òfìfo, ó gbé ọpọ́n náà sókè, ó sì da gbogbo rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ Ajójìji náà lẹ̀ mọ́ ọn lára. Wọ́n rí i. Ó ga tó ilẹ̀kùn, ó tẹ́ bí ìwé, ẹnu rẹ̀ sì ṣí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Oníkóòtù kò fi àkókò ṣòfò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣá a, láti èjìká dé ìdí. Ó pín sí méjì, ó rọ, ó sì di omi lórí bíríkì. Òjìji Màmá Tíṣà fà padà sábẹ́ àga rẹ̀ wuuru, ṣùgbọ́n kò pé. Etí rẹ̀ kan ti rí págunpàgun bí etí ìwé tí eku jẹ.

Màmá Tíṣà lajú. "Ta ló da omi sílẹ̀ báyìí?" ló bèèrè. Ó wo Afínjú. "O ti rù o. Ọkọ rẹ ńkọ́, tí kò lè bá ọ gbé ọpọ́n? Bàbá rẹ ti dé láti ibi iṣẹ́?"

Ó ti pé ọdún márùn-ún tí bàbá Afínjú ti kú.

Ọdún mẹ́jọ ni Ajójìji jẹ nínú orí ìyá rẹ̀. Afínjú jókòó sórí bíríkì tó tutù, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó sì tún sọ ọ̀rọ̀ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, àìsàn, bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ọjọ́ ìsìnkú. Ìyá rẹ̀ sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni. Oníkóòtù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ó wá òkúta mẹ́ta àti irin náà, ó dé kànga.

Afínjú mọ̀ pé òun lòun ṣí i. Ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Màmá Tíṣà gbọ́ ọ tán, ó ní, "O ṣe àṣìṣe. Ṣe àtúnṣe, ká máa lọ." Nípa ọkọ tó bá tirẹ̀ lọ, ó ní, "Ìyẹn nìkan ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹranko yẹn fún. Mi ò rántí ọjọ́ tó fi ọ́ sílẹ̀ rárá."

Ojoojúmọ́ ni Oníkóòtù ń wá lẹ́yìn ìgbà yẹn. Màmá Tíṣà kò mọ̀ ọ́n mọ́, ó sì tún gbogbo ìdánwò rẹ̀ ṣe, iṣẹ́, òbí, ọjọ́ orí. Ọkùnrin náà dáhùn gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò kánjú. Láwọn àárọ̀ tí ìyá bá tún gbàgbé pé ọkọ òun ti kú, tí Afínjú kò sì rí ẹnu sọ ọ́, òun ló ń jókòó tì í. Ó ní òun mọ bó ṣe máa ń rí kí èèyàn jí kó sì máa wá àwọn tí kò sí mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ìsọ̀ dá páropáro, Afínjú pa ìwé rẹ̀ dé.

"Mo ní ìbéèrè kan. Ọ̀gá rẹ sọ fún mi pé ọwọ́ nìkan ni wọ́n yàn."

"Ó ti sọ fún èmi náà. Ojú tì mí."

"Màá máa fọ kóòtù rẹ. Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú, iṣẹ́ ni. Nísinsìnyí tó jẹ́ pé kóòtù á máa mọ́ bóyá mo fẹ́ ọ tàbí n kò fẹ́ ọ, kí lò ń wá níbí lójoojúmọ́?"

Ọkùnrin náà rò ó dáadáa kó tó dáhùn. "Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kóòtù ni. N kò ní purọ́. Nígbà tó yá, mo wá rí bí o ṣe yí ìwé sí ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni oníbọ́tìnnì. O lè bú u, o kò bú u. O sì ti rán bọ́tìnnì náà kó tó wá pariwo. Látọjọ́ yẹn, ká ní kóòtù náà jóná pàápàá, màá wá aṣọ mìíràn gbé wá."

Afínjú wò ó bó ṣe máa ń wo ṣẹ́ẹ̀tì, ọrùn, abíyá, bọ́tìnnì. "Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀yin Ẹ̀ṣọ́, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀?"

"Láti ọjọ́ tí a bá ti jọ ń gbé lábẹ́ òrùlé kan, màá máa darúgbó bí ìwọ náà ṣe ń darúgbó. Màá ṣì máa jà lọ́sàn-án. Mo lè máa padà wá jẹun alẹ́. Mo lè má padà wá."

"Gbogbo ọkọ nìyẹn," ni Afínjú wí. "Tèmi àkọ́kọ́ kò jà rárá, kò sì padà wá." Ó ṣí ìwé rẹ̀ padà. "Mo fẹ́ ọ. Èmi ni mo sọ ọ́ o, kì í ṣe àwọn tó bá mi yàn. Ṣùgbọ́n o ò ní wọ kóòtù yẹn wá sídìí tábìlì oúnjẹ."

Oníkóòtù ní òun gbọ́. Ó ní òun gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n lè gba ọ̀rọ̀ náà padà. Afínjú na ọwọ́ kọjá orí káńtà, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí oníbàárà kan fi wọlé.

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ọ̀gá ni ẹlẹ́rìí ọkọ, Màmá Tíṣà ni ẹlẹ́rìí ìyàwó, ó sì rí àṣìṣe kan nínú ìwé náà, ó ní kí akọ̀wé tún un tẹ̀. Nígbà tí aago mọ́kànlá kọjá, ọkọ ìyàwó lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó lọ ṣí ìsọ̀. Ní aago mẹ́rin, ọkọ padà dé, kóòtù dúdú lọ́wọ́, Afínjú gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé omi kaná fún un láti wẹ̀.

Ọdún kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí Oníkóòtù fẹ́ dìde láti gbé omi, ló bá dúró sójú kan, ó fọwọ́ mú ìbàdí.

"Kí ló dé?" ni Afínjú bèèrè, ó ti dìde dúró. "Ṣé wọ́n ṣe ọ́ léṣe lónìí?"

"Rárá. Ẹ̀yìn ń dùn mí." Ó rọra tẹ ibẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn bí ojú ẹni tó gba ẹ̀bùn. "Ẹ̀yìn ń dùn mí lásán, kò sẹ́ni tó lù mí!"

Màmá Tíṣà kò gbójú sókè nínú ìwé ìròyìn. "Kí wọ́n wá kí ọ kú oríire ni?" ló wí. "Jókòó, kó o fi ìrọ̀rí sẹ́yìn."

Afínjú lọ mú ìrọ̀rí náà wá.